Àtúnṣe àti Àtúnlò Nǹkan ní Ìbàdàn: Láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ètò àtúnlò kalẹ̀ ní Ìbàdàn ni àwọn ará ìlú náà ti ń sọ ògbólógbòó di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò tuntun bíi Dùgbẹ̀, Ring Road, Challenge, Bódìjà àti Agbowó ni ìtàn iṣẹ́ yìí ti hàn jù. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin, ilé iṣẹ́ òyìnbó, yunifásítì àti ọjà ńlá ti kó nǹkan tuntun wọ̀lú, ibẹ̀ náà ló sì ti di dandan kí wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bá bàjẹ́. Iṣẹ́ náà kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ìjọba nìkan. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ọlọ́tí ló pín in ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, ohun kan ló ń pinnu bóyá akitiyan wọn á dúró tàbí á wó: bóyá ẹnì kan wà tó ṣetán láti ra ohun tó bàjẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n tẹ Ìbàdàn dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, irin wọ́n púpọ̀. Ọkọ́ tó bá jẹ dé ìdí, àdá tó kán, orí ọfà tí wọ́n ṣà lójú ogun, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn ń padà sí. Alágbẹ̀dẹ á fi ẹwìrì fẹ́ná sí i, á lu ègé irin méjì pọ̀ di ọ̀kan. Nínú ilé, igbá tó bá sán, wọ́n á dá a lu létí ibi tó ti sán, wọ́n á fi òwú kó o. Ìkòkò tó bá fọ́, àpáàdì rẹ̀ ni wọ́n fi ń bu iná wá láti ilé aládùúgbò. Aṣọ tó gbó di ọ̀já, ọ̀já tó gbó di akísà, akísà di òwú àtùpà. Agbo ilé àti ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ, tí Ògún so pọ̀, ló ń mójú tó gbogbo èyí, ìdọ̀tí tó sì kù kò ju èyí tí ilẹ̀ lè jẹ tán.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ibùdókọ̀ rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ilé iṣẹ́ bíi John Holt, Paterson Zochonis àti UAC, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, kọ́ ilé ìtajà sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Wọ́n ń kó kòkó lọ, wọ́n ń kó karosíìnì, ṣúgà, sìgá, jíìnì àti aṣọ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan tí Ìbàdàn kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílẹ̀: garawa, ìgò, ṣágo àti agolo tí nǹkan inú wọn ti tán.

Kò pẹ́ tí olúkúlùkù wọn fi rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Garawa karosíìnì di ohun ìpọnmi, ó di òṣùwọ̀n epo pupa, èyí tó bá sì jò, wọ́n á là á, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á kàn án mọ́ ilẹ̀kùn tàbí òrùlé. Agolo mílíìkì di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà. Àwọn tó ń fi agolo rọ àtùpà jókòó lẹ́bàá ọjà pẹ̀lú òòlù kékeré àti iná èédú. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé bátànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà kò jìnnà sí àṣà yìí, nítorí páànù pẹlẹbẹ tó wà nínú àpótí tíì ni wọ́n ń gé lọ́nà tó rẹwà bẹ́ẹ̀. Ìgò òfìfo ní iye tirẹ̀ lọ́jà. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń rà. Wọ́n á fi yanrìn àti omi fọ inú rẹ̀, wọ́n á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á tà á fún ẹlẹ́pà, elépo àti aláàgbo. Títí di òní, inú ìgò ọtí ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́pà ṣì ń kó ẹ̀pà yíyan sí. Àwọn obìnrin mìíràn ń gbé abọ́ tánganran kiri ojúlé, wọ́n ń fi í ṣe pàṣípààrọ̀ aṣọ tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn ìyá ilé, wọ́n sì ń kó aṣọ náà lọ tà fún àwọn ará oko.

Ìjọba òyìnbó kò rí èyí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Wolé-wolé tí wọ́n ń rán kiri ojúlé ń wá ìdin ẹ̀fọn nínú omi tó dúró sínú agolo àti garawa lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé onílé. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń pamọ sínú agolo. Ṣùgbọ́n agolo tí ẹnì kan bá ti rà kúrò nílẹ̀ kì í dúró de òjò, nítorí náà oníṣòwò òfìfo àti wolé-wolé ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìmọ ara wọn. Pé ìjọba ń lépa ìmọ́tótó láìka àwọn tó ń kó ìdọ̀tí náà jẹun sí jẹ́ àṣìṣe tó tún yọjú léraléra nínú ìtàn Ìbàdàn.

Lẹ́yìn agolo ni ẹ̀rọ dé. Kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ojú pópó. Ní 1939, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ilé àwọn tó lè sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Yunifásítì dé ní 1948, ilé ìwòsàn UCH ní 1957, tẹlifíṣàn WNTV ní 1959, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní òpin àwọn ọdún 1950 kan náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba ìwọ̀ oòrùn tó ń rí sí ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ Bódìjà Estate, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba àti olùkọ́ ti ń gbé pẹ̀lú fíríìjì, rédíò àti ọkọ̀ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ń bàjẹ́ sí.

Ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ló gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á fẹnu kò lórí iye ọdún, mẹ́ta sí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tọwọ́ bọ àgíríméǹtì, onídùúró á fi orúkọ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á máa gbá ṣọ́ọ̀bù, á máa fi pẹtiróòlù fọ nọ́ọ̀tì, á máa to sípánà lẹ́sẹẹsẹ, fún ìgbà pípẹ́ kí ọ̀gá tó jẹ́ kó tú ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní fírídọ̀m, àwọn ọ̀gá yòókù nínú ẹgbẹ́ á péjọ. Ọmọ náà á kúnlẹ̀, wọ́n á kó irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹn, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ẹgbẹ́, kò rọrùn fún un láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń fi ojú sí iye owó iṣẹ́, òun ló ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ọ̀gá tó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, òun ló sì ń bá ẹni tó yọ nǹkan kúrò lára ọkọ̀ oníbàárà wí. Bí a bá ń wá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé iṣẹ́ àtúnṣe ró ní Ìbàdàn tuntun, inú àwọn ìpàdé oṣooṣù wọ̀nyí la ti máa rí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Archibald Callaway, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí NISER, ka àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà ní Ìbàdàn, ó sì bá ohun tó ju 5,000 lọ. Ó kọ nípa wọn nínú ìwé The City of Ibadan tí P. C. Lloyd, Akin Mabogunje àti Bolanle Awe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967. Télọ̀, káfíńtà, atún-kẹ̀kẹ́-ṣe, mẹkáníìkì, atún-rédíò-ṣe, wẹ́dà: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ díẹ̀ lábẹ́ páànù. Ìwádìí rẹ̀ ṣe pàtàkì nítorí pé ó fi hàn pé àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ayé yunifásítì tún fi àṣà tirẹ̀ kún un. Olùkọ́ òyìnbó tó bá fẹ́ padà sílé á ta fíríìjì, àga àti ọkọ̀ rẹ̀ kó tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, tó bá parí ẹ̀kọ́, á ta tìmùtìmù, sítóòfù, fáànù àti ìwé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ṣoṣo ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, tí orúkọ wọn á wà lójú ewé àkọ́kọ́ ní ìlà-ìlà. Ìwé ìròyìn pàápàá kì í kú lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á tán. Nigerian Tribune, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìmálẹ̀falàfíà, Òkè-Àdó, kò jìnnà sí Ring Road; àárọ̀ ni wọ́n ń kà á, tó bá sì di ògbólógbòó, alákàrà àti onísúyà á fi pọ́n ọjà wọn.

Owó epo rọ̀bì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ àtúnṣe ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn owó Udoji, ìyẹn owó oṣù tí ìjọba fi kún ti àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́ lè ra òmíràn. Ilé iṣẹ́ Leyland dé Ìbàdàn láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Ọ̀rá àti ike bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ewé, apẹ̀rẹ̀ àti ìkòkò. Ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, tàbí kó jẹrà. Ọ̀rá kò ní olùrà, kò sì jẹrà, gọ́tà ló gbà á. Gọ́tà Ìbàdàn sì ń ṣàn lọ sínú odò Ògùnpa, tó gba àárín ìlú kọjá lọ sí ìhà Dùgbẹ̀ àti Òkè-Àdó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò tí pàǹtí àti ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè rẹ̀ ti fún lọ́rùn kún bo ìlú. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sí ẹni tó wà ní Ìbàdàn lọ́dún náà tó gbàgbé omíyalé yẹn. Ìjọba ológun tó gorí àlééfà ní ìparí 1983 sọ ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó jákèjádò orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n pàǹtí tí wọ́n ń gbá jọ sí ojú títì lọ́jọ́ náà, òjò sábà máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí gọ́tà kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé.

Ìṣòro ọrọ̀ ajé ló dá iṣẹ́ àtúnṣe padà. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 já náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọba. Peugeot 504 àti Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, tó yẹ kí wọ́n ti fi sílẹ̀, di ohun tí wọ́n ń tún ṣe láti ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn náà ni tòkúnbọ̀ dé láti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù àti Jámánì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà Kùtọnu: ọkọ̀, fíríìjì, táyà, bàtà, aṣọ. Díẹ̀ nínú aṣọ náà jẹ́ èyí tí àwọn ará Bìrìtìkó fi ta àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, irú èyí tí Oxfam ti ń gbà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òpin àwọn ọdún 1940. Ohun tí wọn kò rí tà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń dì ní béèlì ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Òfin Nàìjíríà kò gba kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú láàyè, ṣùgbọ́n òkìrìkà, bí wọ́n ṣe ń pe aṣọ náà, kò tìtorí ìyẹn kúrò lójú títì.

Àwọn mẹkáníìkì pọ̀ débi pé ìjọba ní láti wá ibi kó wọn sí. Báyìí ni ọgbà mẹkáníìkì, bí èyí tó wà ní Bódìjà, ṣe di apá kan ìlú. Ẹgbẹ́ NATA, tó kó àwọn mẹkáníìkì, rìwáyà, pánẹ́ẹ̀lì bítà àti àwọn tó ń kun ọkọ̀ pọ̀, di ẹni tí ìjọba ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti kọ iṣẹ́ pátápátá, wọ́n á tú u: ẹ́ńjìnnì lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, bàtìrì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra òjé, táyà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ṣe bàtà, rọ́bà inú rẹ̀ di korobá tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Ara ọkọ̀ di kóńdẹ̀m tí àwọn ọmọ Hausa ń fi ọmọlanke kó, títí tó fi dé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ìkòròdú àti Ògìjó. Àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ní ọ̀nà tiwọn. Ṣakí, ní òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ wọn nínú iná èédú, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sínú yanrìn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, tó bá tutù, wọ́n á wú u jáde, wọ́n á fi fáìlì fá etí rẹ̀. Ìkòkò tí ọ̀pọ̀ olóńjẹ fi ń sebẹ̀ ní Ìbàdàn ti fìgbà kan jẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú nìkan ló ṣòro. Káfíńtà ń rà díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi lé ikán kúrò lára igi, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń rì sínú ilẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti wo ilẹ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ léraléra, òjé àti àwọn irin mìíràn tó léwu ni wọ́n sì ń bá nínú rẹ̀. Wọ́n bá èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà Lálúpọ̀n, níbi tí wọ́n ti da èérí òjé tí wọ́n yọ́ láti inú bàtìrì sílẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ. Àtúnlò tí kò ní ẹni tó ń mójú tó ìyókù rẹ̀ lè pa ènìyàn lára ju kí wọ́n sin nǹkan náà lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ fara sin nínú ìtàn kankan tó bá ń yin àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí.

Ọ̀nà tí ọlọ́tí àti oní-mínírà ń gbà lo ìgò yàtọ̀, nítorí pé ẹni tó ṣe ìgò náà ni olùrà rẹ̀. Nígbà tí Nigerian Breweries ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1982, ó bá àṣà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ra kéréètì ọtí gbọ́dọ̀ kó kéréètì òfìfo wá, bí kò bá ní, á fi owó ìgò dúró. Kò sí ẹni tó ń rí ìgò mínírà nínú gọ́tà láyé ọjọ́un, nítorí ọmọdé tó bá rí i á ti gbé e lọ sọ́dọ̀ onímínírà láti gba owó rẹ̀. Nígbà tí ike rọ́pò ìgò, tí píọ̀ wọ́tà sì wọ̀lú ní àwọn ọdún 1990, owó ìgò parẹ́. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà fúyẹ́ débi pé ẹni tó bá ṣa ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jọ kò tíì ní ẹrù. Ó gba ojú gọ́tà Agbowó, Dùgbẹ̀ àti Challenge kan.

Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú jù láti fi ètò gidi wá olùrà fún pàǹtí ni ọjà Bódìjà. Wọ́n dá ọjà náà sílẹ̀ ní 1987, kò sì pẹ́ tó fi di ibi tí ẹ̀wà, gàrí, iṣu, ata àti tòmátì láti òkè ọya ti ń sọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ìsọ̀ pákó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù wà níbẹ̀ nígbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń jẹ ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó ń kù sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni tòmátì tó rà, èèpo iṣu, ewé, eruku pákó, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ màlúù àti ìgbẹ́ inú ìfun tí wọ́n tú jáde. Ẹni tó bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lẹ́yìn òjò kò lè gbàgbé òórùn rẹ̀. Àwọn alápatà kò sì fi nǹkan ṣòfò bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Awọ di pọ̀ǹmọ́, egungun àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ. Ohun tó burú ni pé táyà tó ti gbó ni wọ́n sábà fi ń dáná sun irun awọ náà, tí èéfín dúdú rẹ̀ ń bà lé ẹran tí ènìyàn máa jẹ.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ìgbé inú ìlú ńlá, pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, dá Sustainable Ibadan Project sílẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó papọ̀ láti sọ ohun tó ń dun ìlú wọn. Ìdọ̀tí ló wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar, ọmọ bíbí ilẹ̀ Íńdíà tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ìmọ́tótó àyíká ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Adéoyè, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn, ti ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Èso iṣẹ́ wọn ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter tí wọ́n kọ́ sínú ọjà Bódìjà gan-an ní òpin àwọn ọdún 1990.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á kó pàǹtí ọjà wá, wọ́n á ṣa ọ̀rá, irin àti ìgò kúrò nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì gígùn, wọ́n á máa yí i padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Òkìtì náà á gbóná fúnra rẹ̀ débi tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn inú rẹ̀ á kú. Tó bá ti tutù, tó sì gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sí àpò. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà: ọ̀kan tí wọ́n fi ajílẹ̀ òyìnbó díẹ̀ kún kó lè ṣiṣẹ́ kíákíá, àti èkejì tí wọn kò fi nǹkan kún. Àgbẹ̀ tó bá gbé ata wá sí Bódìjà lè gbé ohun tí ata àná ti dà padà sí oko.

Èrò náà dára, ó sì fi hàn pé ìmọ̀ kò jìnnà sí ọjà. Ṣùgbọ́n àpò ajílẹ̀ yìí ń bá ajílẹ̀ òyìnbó tí ìjọba ń san lára owó rẹ̀ du oníbàárà, ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́ iná, iná kò sì dúró. Pàǹtí wà lọ́pọ̀ yanturu, ajílẹ̀ sì dára. Iye owó tó máa mú àgbẹ̀ rà á lọ́dọọdún ló ṣòro.

Ètò kejì tó jáde láti ibi kan náà lókìkí káàkiri ayé. Joseph Adelegan àti àjọ GNEED tó ń darí gbé Cows to Kilowatts kalẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Sustainable Ibadan Project, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ọ̀dọ́ àti ẹbí, àti yunifásítì King Mongkut ní Bangkok, orílẹ̀-èdè Thailand. Wọ́n gbèrò láti kó omi ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù sínú ojò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ ìdáná, kí ìyókù sì di ajílẹ̀. Ní 2005 ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn SEED. Lẹ́yìn náà, nígbà ìjọba gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn alápatà Bódìjà lọ sí ibi ìpa-màlúù tuntun ní Amósùn, Akínyẹlé, ọ̀pọ̀ alápatà kò sì fẹ́ lọ. Ètò tí wọ́n ti gbé lé ìgbẹ́ màlúù tó ń jáde ní Bódìjà lórí kò lè dúró bákan náà nígbà tí màlúù bá ti ṣí kúrò.

Ìdọ̀tí ẹ̀rọ abáná ṣiṣẹ́ ni orí tó kàn nínú ìtàn yìí, Ìbàdàn sì ní ipò pàtàkì nínú rẹ̀. Ní 1988, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ìbínú tó tẹ̀lé e ló bí òfin tuntun ní Nàìjíríà lọ́dún náà, ó sì wà lára ohun tó ti àgbáyé dé Àdéhùn Basel ní 1989, èyí tó ń ṣọ́ bí ìdọ̀tí olóró ṣe ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n fi ibùdó tó ń ṣojú àdéhùn náà fún ilẹ̀ Áfíríkà sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbánjọ, onímọ̀ kẹ́mísírì, darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó wáyé lẹ́yìn náà fi ìwúlò ibùdó yìí hàn. Fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, kọ̀ǹpútà àlòkù tẹ̀lé e. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà kọ ìròyìn pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣù kan, àti pé àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Ibùdó Ìbàdàn àti yunifásítì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tún gbé ènìyàn sí èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 láti wò ó fínnífínní. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá inú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ wọlé, àti pé ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nàìjíríà ti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011. Ní 2018 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń tà á dá ẹgbẹ́ EPRON sílẹ̀, tó yẹ kó máa gba owó lọ́wọ́ wọn láti fi kó òkú ẹ̀rọ nílẹ̀.

Ní Agbowó, lójúkojú yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ ìwádìí yìí, àwọn atún-fóònù-ṣe kò dúró de EPRON. Tábìlì kékeré kan, gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ike kan tó kún fún òkú fóònù. Ọ̀gá á gbé pánẹ́ẹ̀lì sójú atẹ́gùn gbígbóná, á fi ẹ̀mú yọ ègé kan tí kò tó ìrẹsì, á fi òmíràn tó yọ lára òkú fóònù rọ́pò rẹ̀. Sìkíríìnì ti ọ̀kan, bàtìrì ti òmíràn, ojú ìgbaná ti ẹ̀kẹta: fóònù akẹ́kọ̀ọ́ á tún ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí náírà tún ti já wálẹ̀ ní 2023, iṣẹ́ wọn ti pọ̀ sí i. Àwọn ará Yúróòpù tó ń péjọ sí Repair Café, tí Martine Postma bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní 2009, ń gbìyànjú láti dá ọgbọ́n yìí padà sí ìlú tó ti sọ ọ́ nù. Ìbàdàn kò tíì sọ ọ́ nù, ó sì yẹ kí ìjọba àti yunifásítì ka àwọn ọ̀gá Agbowó sí olùkọ́.

Pàǹtí ìlú náà ti ń rí olùrà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí omíyalé mìíràn pa ju 100 ènìyàn lọ ní oṣù Ògún 2011, Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti tún afárá àti ojú odò ṣe. Ní ti pàǹtí tó ń dí odò náà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ ike ti fi iye sí ìgò ike, nítorí náà àwọn tó ń ṣa á wà ní gbogbo àkìtàn ńlá mẹ́rin ìlú náà, Awótán, Lápìtẹ, Ajákáńgà àti Àba-Èkú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbé àpò kiri Bódìjà àti Challenge láti òwúrọ̀ kùtù. Ilé iṣẹ́ Mottainai Recycling gba iṣẹ́ ìkólẹ̀ àti àtúnlò lọ́wọ́ ìjọba gómìnà Ṣèyí Mákindé. Jùmọ̀kẹ́ Olówóòkéré, tó ti ṣe olùkọ́ rí, dá Waste Museum sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí táyà, ike, páálí àti ìgò ti di àga, ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun ìkọ́ni fún ọmọ ilé ìwé. Ní ìpele ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta, pẹ̀lú Rùwáńdà àti Gúúsù Áfíríkà, tó dá ẹgbẹ́ African Circular Economy Alliance sílẹ̀ ní 2017.

Ohun tí kò tíì ní olùrà tó ṣe é gbára lé ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí ni ọ̀rá dúdú ọlọ́jà, abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ, bàtìrì fóònù tó ti wú, àti epo dúdú àwọn mẹkáníìkì. Láti Agbowó dé Ring Road, àwọn ni wọ́n ń rí nínú gọ́tà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé.